Ìtàn Pọ̀ Lẹ́nu Bokru, Itan Ni Kò Ní

Bí Ọlọ́run bá fún èèyàn ní ẹnu ńlá, Ó máa ń fún un ní etí kékeré, kí onítọ̀hún má baà gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ. Bí Ó ṣe dá Bokru nìyẹn.

Bokretsion ni àlùfáà sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa pe orúkọ gígùn bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kì í jẹ́ kí ọmọlàkejì rẹ̀ parí gbólóhùn? Gbogbo àdúgbò Aba Shawul ní Asmara ń pè é ní Bokru. Nígbà náà, ogun ti gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn Ìtálì, Gẹ̀ẹ́sì ló jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n àwọn Ìtálì kò kúrò nídìí kọfí wọn, wọn ò sì kúrò lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n á wọ ṣòkòtò péńpé, wọ́n á máa fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje yí ìlú po. Àwa ọmọ onílẹ̀ á tò sẹ́bàá ọ̀nà, a ó máa wò wọ́n. Wọn kì í gba ọmọ onílẹ̀ kankan láyè kó bá wọn díje.

Búrẹ́dì ni Bokru ń gbé kiri fún ilé búrẹ́dì Ìtálì kan. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ìgboro Asmara sì tẹ́jú bíi taita, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ilẹ̀ wa, lórí àwo, nítorí náà kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ máa ń wúwo. Nígbà tí Òyìnbó kan ń kó padà sílùú wọn, tó ta kẹ̀kẹ́ ìje rẹ̀ lọ́pọ̀, Bokru ló rà á. Ọjọ́ yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Orí òkè téńté ni Asmara wà, etí òkun ni Massawa wà, ọ̀nà tó so àwọn méjèèjì pọ̀ sì ká mọ́ ara òkè bí ejò tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí igi. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, Bokru á dorí kẹ̀kẹ́ kọ ọ̀nà náà, á tẹrí ba, á gbé ẹsẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, á jẹ́ kí òkè máa wa òun lọ. Afẹ́fẹ́ á máa fọn fèrè ní etí rẹ̀, ewúrẹ́ á máa fò sínú igbó, àwọn obìnrin tó ru igi á máa sàmì àgbélébùú. Kí kọfí tí wọ́n gbé kaná ní Asmara tó hó, ó ti dé Ghinda.

Bó ṣe ń padà sílé ńkọ́? Inú ọkọ̀ rélùwéè ni. Kẹ̀kẹ́ á wà nínú wágọ́ọ̀nù ẹrù, òun á wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á máa hanrun. Ẹ má pè é ní òpùrọ́ o. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun gun òkè náà padà. Kò sáà sọ pé òun ò gùn ún. Àwọn àgbà wí pé ohun tó bá lọ sókè, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Wọn ò wí pé ohun tó bá lọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wá sókè.

Letekidan ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lete, ń ta suwa nínú ilé wọn. Ibẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ràn ọtí ọkà máa ń péjọ sí nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ náà sì ni Bokru ti ń sáré jù.

"Mo kọjá lára àwòdì kan ní Nefasit lánàá," ló wí lọ́jọ́ kan. "Àwòdì náà bínú."

Lete ń bu ọtí lọ́wọ́, kò gbójú sókè. "Ṣé ó ń fò ni, àbí ó bà sórí igi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bokru náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ fún yín nípa etí rẹ̀.

Bàbá Lete, Sereke tí gbogbo wa ń pè ní Aboy, ìyẹn bàbá, kì í rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà gíga tó tín-ín-rín bí ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, òun sì ni olórí àwọn àgbà àdúgbò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó mu ife rẹ̀ tán, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ìtàn pọ̀ lẹ́nu ọkọ rẹ. Itan rẹ̀ ni n kò tíì rí."

Ní oṣù tó ṣáájú ọdún Timket, ìròyìn kan gba ìlú. Ẹgbẹ́ agùnkẹ̀kẹ́ àwọn Ìtálì ní àwọn ó ṣe ìje ńlá ti ọ̀nà Massawa, àwọn ó sì gba ọmọ onílẹ̀ méjì láyè fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n so òkò mọ́ ẹ̀bùn náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọmọ onílẹ̀ kò ní ìfaradà, ó máa ń jáwọ́ ní àárín ọ̀nà. Nítorí náà, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ parí ìje kí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó lù. Bí ẹyọ ẹnì kan bá kù sọ́nà, ọ̀rọ̀ náà parí títí láé.

Àwọn àgbà jókòó sílé Lete láti mú ẹni méjì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú Okubai, bíríkìlà kan tó jẹ́ pé bí o bá kí i láàárọ̀, ó di ọ̀sán kó tó dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn, tó sì ń gùn ún padà. Ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó nílò láti dárúkọ rẹ̀. Ó ti dìde dúró.

"Ṣé o mọ ọ̀nà Massawa dáadáa?" ni Aboy Sereke bi í.

"Aboy, ọ̀nà yẹn ló mọ̀ mí. Kọ́nà tó wà níbẹ̀, ẹ dì mí lójú, màá yí i. Àwọn Ìtálì yẹn, eruku mi ni wọ́n máa fi jẹun ọ̀sán."

"Ìje yìí kì í ṣe tìrẹ nìkan. Bí o kò bá dé, ilẹ̀kùn á tì mọ́ gbogbo wa."

"Kí n máà dé kẹ̀? Aboy, ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé n ó dé kí àwọn adájọ́ tó dé."

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, Bokru ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀ tó yẹ akọni. Ó ní kí Lete rán ẹ̀wù pupa fún òun, kó fi òwú wúrà ya kìnnìún sí i láyà. Òwú tó wà nílẹ̀ kò tó, nítorí náà kìnnìún náà kò ní ìrù. Ó lọ sọ́dọ̀ ayàfọ́tò, ó ya fọ́tò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yá a ní ife ẹ̀yẹ kan tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e sókè bí ẹni tó ti borí. Ó gbé fọ́tò náà kọ́ sórí ògiri ilé ọtí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìje. Gbogbo ohun tó kù fún un láti ṣe ni kó gun kẹ̀kẹ́, ìyẹn kò sì ṣe pàtàkì.

Ní àárọ̀ Sátidé, ó lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè láti dágbére fún àwọn àgbà, nítorí ó gbọ́ pé wọ́n ń lọ sí Massawa. Ó rí Okubai tó ń gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sínú wágọ́ọ̀nù.

"Ibo lò ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ?"

"Massawa," ni Okubai wí.

"Kí lo fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe ní Massawa lónìí? Ṣebí ọ̀la la máa gùn ún lọ síbẹ̀?"

Okubai wò ó bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo ẹni tó gbàgbé orúkọ ìyá rẹ̀. "Massawa la ti ń gbéra, Bokru. Asmara la ń bọ̀."

"Asmara wo?"

"Asmara mélòó ló wà?"

Inú Bokru dàrú. Ó gbé kẹ̀kẹ́ wá láti ilé, wọ́n bá a gbé e sí wágọ́ọ̀nù, ó sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tó máa ń jókòó sí. Bí rélùwéè ti ń sọ̀kalẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Ó ti sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ láìmọye ìgbà, ó sì ti sùn gòkè níbẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kò tíì la ojú wo òkè náà láti ìsàlẹ̀ rí. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Aboy," ló wí jẹ́jẹ́, "ó jọ pé ibà fẹ́ gbé mi dè."

Aboy Sereke kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó tú aṣọ tó dì mọ́dìí, ó mú àyù méjì jáde, ó fi ata berbere bò wọ́n, ó ní kó jẹ wọ́n láì mumi. Bokru jẹ ẹ́. Omi ń dà lójú rẹ̀, ikùn ń jó o, ibà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì ríbi wà mọ́.

"Ara rẹ ti yá?" ni Aboy Sereke bi í.

"Ó ti yá, Aboy."

Nígbà tí wọ́n dé Massawa, ó wá ọgbọ́n mìíràn. Ó lọ bá Sinyọ Baldini, adájọ́ àgbà ìje náà, ọkùnrin sísanra kan tó ń jẹ ẹja yíyan létí òkun. Ó kí i, ó tẹrí ba, ó ní, "Sinyọ, mo kàn ń rò ó ni. Ṣé kò ní í dáa jù bí a bá kọ́kọ́ gbé gbogbo èèyàn padà sí Asmara, ká wá sáré ìje náà wá síbí? Afẹ́fẹ́ òkun dára fún ẹni tó bá ṣẹ́gun."

Sinyọ Baldini yọ eegun ẹja lẹ́nu. "Sísọ̀kalẹ̀ ni o fẹ́? Òkúta pàápàá mọ̀ ọ́n."

Bí ilẹ̀ ti mọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n tò sójú ọ̀nà. Àwọn àgbà Aba Shawul mẹ́rin wà nínú lọ́rì tí wọ́n yá lọ́wọ́ eléèédú, Aboy Sereke ló wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Wọ́n ti pinnu pé àwọn ó máa tẹ̀ lé ọmọ àwọn tó bá wà lẹ́yìn, kó má baà sí ẹni tó máa ṣubú tí kò ní í rí ẹni gbé e dìde.

Wọ́n yìnbọn ìbẹ̀rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, Bokru sì rò ó pé bí òun yóò bá ní ògo kankan lónìí, àfi kó jẹ́ nísinsìnyí. Ló bá ta gìrì. Ó kọjá lára àwọn Ìtálì, ó kọjá lára ràkúnmí, ó kọjá lára ọlọ́pàá tó wà níwájú láti fi ọ̀nà hàn. Ó wo ẹ̀yìn, ó juwọ́ sí lọ́rì. Okubai wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń gùn bọ̀ bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀.

Àwọn àgbà dìde nínú lọ́rì, wọ́n ń kọrin. "Kìnnìún Aba Shawul! Afẹ́fẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn rẹ!" Àní Aboy Sereke náà fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lọ́rì lẹ́ẹ̀kan.

Ìyẹn ṣẹlẹ̀ títí wọ́n fi dé Dogali. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Ẹ̀yin tó mọ nǹkan, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń gun kẹ̀kẹ́ tá a fi ń gun òkè, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn lè má mọ òkè gùn. Ọlọ́pàá kọ́kọ́ padà kọjá lára Bokru. Lẹ́yìn náà ni àwọn Ìtálì, ní méjì-méjì, wọ́n ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Lẹ́yìn náà ni Okubai, ó kí i, "Pẹ̀lẹ́ o," ó sì lọ. Lẹ́yìn náà ni ràkúnmí.

Lọ́rì dín eré kù, ó ń rá bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Orin àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. "Kìnnìún, afẹ́fẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ." Nígbà tó ṣe, "Kìnnìún, má ṣubú." Nígbà tó tún ṣe, ẹnì kan béèrè láìfi orin sí i pé, "Kìnnìún, ṣé o jí?" Dírẹ́bà ní òun ò tíì wa lọ́rì lọ́ra tó báyìí rí, àfi lọ́jọ́ tí òun gbé òkú.

Ó dé Ghinda nígbà tí oòrùn ti dé àtàrí. Ibùdókọ̀ rélùwéè wà lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, Osman tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara. Ọkùnrin dáadáa ni Osman, kò ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Bó ti rí Bokru, inú rẹ̀ dùn.

"Bokru, kú iṣẹ́ o," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè kí àwọn tó wà nínú lọ́rì lè bá a kí i. "Rélùwéè ò ní í gòkè lónìí títí ìje á fi tán, má bínú. Ṣùgbọ́n àga rẹ tó wà lẹ́bàá fèrèsé ṣì wà níbẹ̀. Bí o bá sọ̀kalẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, màá fi í pamọ́ dè ọ́ bí ìṣe wa."

Nínú lọ́rì, àwọn àgbà wo ara wọn. Bokru tẹjú mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi hàn án.

Aboy Sereke bọ́ sílẹ̀. Ó rọra rìn wá. "Ẹ̀ẹ̀melòó lo ti gun òkè yìí rí?"

"Aboy, mo ti sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀…"

"N kò bi ọ́ léèrè ìyẹn."

Bokru wo ilẹ̀. "N kò gùn ún rí, Aboy."

"Hẹn-ẹn," ni Aboy Sereke wí.

Hẹn-ẹn yẹn dun Bokru ju èébú lọ. Ètè rẹ̀ ti bó, kìnnìún tí kò nírù ti fi òógùn lẹ̀ mọ́ ọn láyà. "Aboy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọ lọ́rì."

"Lọ́rì kún."

"Ẹ̀yin mẹ́rin péré lẹ wà níbẹ̀."

"Ìtìjú ló gba àyè tó kù." Aboy Sereke na ọ̀pá sí òkè. "Bokru, bí Okubai bá ṣe ipò kìíní lónìí, tí o kò bá dé, asán ni. Wọ́n á ní a kò lè parí ohun tá a bẹ̀rẹ̀. N kò ní kí o sáré. Mo ní kí o dé."

Bokru kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí kò ṣẹlẹ̀ rí: Bokru kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó dojú kọ òkè.

Mo fẹ́ sọ pé láti ibẹ̀ lọ ló ti di akọni, ṣùgbọ́n òkè ò gbọ́ èdè. Bí ẹnu bá dùn-ún gun kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnu wá gùn ún. Níbi tó ti ga, Bokru sọ̀kalẹ̀, ó ń tì í. Níbi tó ga jù, ó jọ pé kẹ̀kẹ́ ló ń tì í padà. Ó kù díẹ̀ kó dé Nefasit, ó jókòó sórí òkúta kan láti jẹ hembesha tí Lete dì fún un. Ó bu búrẹ́dì náà lẹ́ẹ̀kan, ó dijú, ó ń jẹun. Nígbà tó lajú, ọ̀bọ ńlá kan onírun ọrùn ti jókòó sí iwájú rẹ̀, hembesha wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ láìkánjú. Bokru lé e. Ọ̀bọ náà gun òkè lọ, ó dúró lókè, ó wò ó, ó dúró dè é díẹ̀, ó sì tún ń jẹun lọ.

"Ọ̀bọ náà mọ̀ ọ́n gùn," ni dírẹ́bà wí.

Ní Nefasit, ọkọ̀ àwọn adájọ́ kan tó ń padà bọ̀ láti Asmara sọ fún wọn pé ìje ti parí tipẹ́. Ìtálì kan ló ṣe ipò kìíní. Okubai ló ṣe ìkejì, ìlú sì ti dàrú fún ayọ̀. Àwọn àgbà dì mọ́ ara wọn nínú lọ́rì, ọ̀kan nínú wọn ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn yí ojú padà lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wo Bokru tó gbórí lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ojú tí wọ́n fi wò ó, bí ojú ẹni tó ní wúrà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú kànga ni.

Òkè tó kù ló burú jù. Wọn ò tíì rìn jìnnà sí Nefasit nígbà tí lọ́rì náà hó bí ìkòkò, ó yọ èéfín, ó sì kú. Gbogbo bó ti ń rá lẹ́yìn Bokru láti òwúrọ̀ ló jẹ́ kó gbóná jù. Àwọn àgbà mẹ́ta ní àwọn ó jókòó tì í, àwọn ó wá omi. Aboy Sereke mú ọ̀pá rẹ̀.

"Ó ku wákàtí díẹ̀ kí agogo lù," ló wí fún Bokru. "Máa bọ̀. Màá rọra máa lọ níwájú."

Bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló fi ẹsẹ̀ rìn kọjá lára agùnkẹ̀kẹ́. Bokru wo ẹ̀yìn bàbá náà, ó wo ìsàlẹ̀ ọ̀pá tó ń kan ilẹ̀ kọ́, kọ́, kọ́, ó tẹjú mọ́ ọ̀pá náà, ó ń tẹ pẹ́dà. Nígbà tó bá a, ó ń mí bí ẹwìrì.

"Sọ ìtàn fún mi," ni Aboy Sereke wí. "Ọ̀nà jìn."

"N kò ní ìtàn kankan, Aboy."

"Ó mà ṣe o. Nítorí ìtàn ni Lete ṣe fẹ́ ọ. Mo bi í pé kí ló rí lára rẹ, ó ní láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni."

Bokru tẹ pẹ́dà yí kọ́nà kan. "Àwòdì yẹn," ló wí níkẹyìn. "Orí igi ló wà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ó bínú lóòótọ́?"

"Ó bínú gan-an, Aboy."

Kùrukùru jáde láti inú àfonífojì bó ti máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, ó bo ọ̀nà. Nínú kùrukùru yẹn ni àgbàlagbà náà ti gbé ọwọ́ kan lé ẹ̀yìn Bokru, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́. Bokru ń sọ ìtàn: ti àwòdì, ti ewúrẹ́, ti obìnrin tó ju igi dà nù tó ní áńgẹ́lì ló ń kọjá. Ẹsẹ̀ ń yí, ẹnu ń yí, wọ́n sì ń gòkè. Ta ló ń ti ta? Kùrukùru kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i dáadáa.

Agogo kò tíì lù nígbà tí wọ́n wọ Asmara. Èrò ṣì wà níbi òpin ìje, nítorí gbogbo Aba Shawul kọ̀ láti lọ sílé. Okubai wà níbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó lọ́rùn, Lete wà níbẹ̀ pẹ̀lú omi. Bí wọ́n ti rí ẹ̀wù pupa nínú kùrukùru, àwọn obìnrin figbe ayọ̀ ta. Bokru kọjá ìlà, ó ṣubú pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Lete gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń da omi sí i lójú. Agogo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń lù.

Ìgbà náà ni Sinyọ Baldini na ọwọ́ sókè.

"Mo kẹ́dùn," ló wí. "Òfin ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti agùnkẹ̀kẹ́. Gbogbo wa la rí ọwọ́ bàbá yìí lẹ́yìn rẹ̀. Kò parí ìje."

Okubai bọ́ òdòdó ọrùn rẹ̀. Aboy Sereke fi ọ̀pá ti èrò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bọ́ síwájú.

"Sinyọ, n kò tì í. Àgbà ni mí, ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo wá ohun tí kì í mira tí mo lè gbára lé, òun ni mo rí."

Àwọn Ìtálì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Sinyọ Baldini kò rẹ́rìn-ín. Ó lóṣòó ti Bokru. "Òótọ́ ni bàbá yìí sọ? Ṣé o lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí arúgbó fi lè gbára lé ọ bí ògiri? Bí o bá jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, o ti parí ìje. Bí o bá ní irọ́ ni, á jẹ́ pé wọ́n tì ọ́."

Gbogbo Asmara ló dúró: àwọn tó ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn tó mutí nídìí ìtàn rẹ̀, àwọn Ìtálì tó kọjá lára rẹ̀ ní méjì-méjì. Bokru wo Lete. Lete wò ó. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó fa kìnnìún àyà rẹ̀ tó ká jọ na.

"Òótọ́ ni, Sinyọ," ló wí. Ẹ̀rín èrò ń bẹ̀rẹ̀ létí rẹ̀, ó sì gbọ́ ọ kedere, ṣùgbọ́n bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ ni ojú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀. "Kí ni ògiri? Ògiri yá jù mí lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti la ọ̀nà Massawa, kò sí ẹ̀dá alààyè kan tó tíì lọ́ra tó mi lórí rẹ̀. Ẹ lọ béèrè. Kò sí, kò sì ní í sí."

Sinyọ Baldini kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó parí. Èrò hó yè. Aboy Sereke fa adájọ́ náà ní apá aṣọ.

"Ẹ má kọ ìyẹn tó sọ gbẹ̀yìn o, Sinyọ," ló wí. "Àsọdùn ni. Lọ́rì wa ò tíì dé."